Bùrókólì Àlùkò, Kéèlì Tàbí Líìkì? Ìfiwéra Àwọn Ẹ̀fọ́ Tó Ń La Òtútù Kọjá Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo gba plọ́ọ̀tì, ilẹ̀ oko kékeré tí ìjọba ìbílẹ̀ ń yá àwọn ará ìlú, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ìparí oṣù kẹsàn-án ni mo fọ́n irúgbìn kéèlì àti ti bùrókólì. Lójú mi, àsìkò ti tó: òjò ti ń rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, ooru ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nílé náà nìyẹn. Òjò dé, gbé ọkọ́. Wọ́n hù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kọkànlá fi máa parí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ga ju ìka ọwọ́ mi lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì dúró sí títí oṣù kejì fi dé. Òtútù ò pa wọ́n. Wọn ò kàn dàgbà ni. Màmá ará Jàmáíkà kan tí plọ́ọ̀tì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan àwọn ewé kéékèèké náà, wọ́n ní: “Ọmọ mi, oúnjẹ ìgbà òtútù, inú oòrùn la ti ń gbìn ín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó fi ẹ̀fọ́ kankan wé òmíràn. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ tó kúrú jù lọ́dún ò dín ní wákàtí 11 àbọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ tó kúrú jù, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, kò pé wákàtí 8. Bí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bá sì ti dín sí wákàtí 10, ewéko á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dàgbà mọ́ rárá, kódà bí òtútù ò bá mú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ìparí oṣù kẹwàá títí dé àárín oṣù kejì ni ìyẹn. Lókè lọ́hùn-ún ní Scotland, ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ̀fọ́ tí ẹ bá fẹ́ já ní oṣù kìíní gbọ́dọ̀ ti di géńdé kí oṣù kọkànlá tó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣe ni ilẹ̀ kàn ń bá yín tọ́jú rẹ̀, bí ẹni kó àgbàdo sí àká.

Tí èèyàn bá ti mọ èyí, ìbéèrè tó kù láti fi yan ẹ̀fọ́ ò pọ̀. Oṣù mélòó ló máa fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi? Oṣù wo ló máa fún mi lóúnjẹ? Ṣé ó máa gba ata àti irú? Mo ti gbin gbogbo àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ yìí, mo sì ní èyí tí mo fẹ́ràn jù. Mi ò ní fi pa mọ́.

Bùrókólì méjì ló wà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, torí ó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Bùrókólì olórí ńlá, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń fi ọ̀rá wé ní ṣọ́ọ̀bù, calabrese ni àwọn àgbẹ̀ ń pè é, látara Calabria ní ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè Ítálì. Ẹ̀fọ́ ìgbà ooru ni. Ẹ fọ́n irúgbìn rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ẹ gé orí rẹ̀ ní oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ, ó lè tún yọ ẹ̀ka kéékèèké díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó parí. Bí ìrì dídì bá mú orí rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ó máa jẹrà.

Èyí tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń kọ “purple sprouting broccoli” sára àpò irúgbìn rẹ̀. Èmi máa pè é ní bùrókólì àlùkò. Kì í ní orí ńlá kan ṣoṣo. Ọ̀mùnú ló ń yọ, ọ̀pọ̀ ọ̀mùnú, aláwọ̀ elésè àlùkò, lára igi kan tó lè ga tó mítà kan. Ní gbogbo oṣù kẹwàá, oṣù kọkànlá, oṣù kejìlá, ewé gbàgàdà nìkan ni ẹ máa rí lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ò mọ̀ ọ́n ti ń fà á tu. Mo ti rí ọkùnrin kan tó hú mẹ́fà dànù ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ó ní àgàn ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á tu. Òtútù gan-an ló ń dúró dè. Ó gbọ́dọ̀ fara gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú òtútù kí ó tó mọ̀ pé àsìkò òdòdó ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òdòdó tí kò tíì là yẹn ni à ń jẹ. Ohun tó ń pa tẹ̀tẹ̀ yín lòun fi ń lóyún.

Láàárín òun náà, irú-irú wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Rudolph tètè ń dé. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní oṣù kìíní, nígbà mìíràn kó tiẹ̀ ti yọ ṣáájú ìgbà náà bí òtútù ọdún yẹn ò bá le. Red Arrow máa ń dé tẹ̀ lé e, oṣù kejì sí oṣù kẹta. Claret ló ń kẹ́yìn, oṣù kẹrin ni tirẹ̀, ọ̀mùnú rẹ̀ sì sanra. Santee àti Summer Purple wà fún ẹni tí kò lè ní sùúrù, torí wọn ò nílò òtútù kí wọ́n tó yọ, ẹ lè jẹ wọ́n kí òtútù tó dé. Ẹ ka ẹ̀yìn àpò irúgbìn dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá ní àyè fún mẹ́fà, ẹ gbin Rudolph mẹ́ta àti Claret mẹ́ta. Ẹ ò ní jẹ ẹ́ sú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ò sì ní máa wá a tì ní oṣù kẹrin.

Kéèlì àti bùrókólì àlùkò

Láàárín àwọn méjì yìí ni yíyàn ti ṣòro jù, torí àsìkò kan náà là ń fọ́n irúgbìn wọn, ebè kan náà ni wọ́n sì ń bára wọn dù.

Ọmọ ìyá ni wọ́n. Kéèlì, bùrókólì, kábéèjì, Brussels sprouts (èyí tó ń so róbótó bíi kábéèjì kéékèèké), orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ ewéko fún gbogbo wọn: Brassica oleracea. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ìgbàanì ló ṣa eléwé sọ́tọ̀, tó ṣa ọlọ́mùnú sọ́tọ̀, tó ṣa olórí sọ́tọ̀. Ìdí tí èyí fi kan ẹ̀yin ni pé kòkòrò tó bá jẹ ọ̀kan máa jẹ èkejì, àrùn tó bá mú ọ̀kan máa mú èkejì. Ẹni tó hú bùrókólì tó gbin kéèlì síbẹ̀ kò tíì yí ohun ọ̀gbìn padà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àyè. Ebè mi kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 1.2, ó gùn ní mítà 2.4. Bùrókólì àlùkò ń fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí ara wọn, nítorí náà 8 péré ló gba ibẹ̀. Kéèlì fara mọ́ 45, mo lè rọ 15 sí i. Líìkì (leek, ìbátan àlùbọ́sà), tí a gbìn ní ìlà mẹ́rin, lè tó 64.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ oṣù. Bùrókólì àlùkò tí a fọ́n ní oṣù kẹrin ọdún yìí, oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀ ló máa kúrò nílẹ̀. Odindi ọdún kan! Nínú ọdún yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ máa fi jẹ ọ̀mùnú rẹ̀. Kéèlì tí a fọ́n lọ́jọ́ kan náà ti ń fún yín ní ewé láti oṣù kẹsàn-án; ẹ já ti ìsàlẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ti òkè sílẹ̀, á máa bá yín lọ títí dé oṣù kẹrin. Nígbà tó bá wá fẹ́ tan, òun náà á yọ ọ̀mùnú, a sì ń jẹ ẹ́ bí a ṣe ń jẹ ti bùrókólì.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìṣirò nìkan, kéèlì ti borí. Ẹni tó ní ebè kan ṣoṣo, kéèlì ni kó gbìn, kó má ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n èmi tí mo ní ju ebè kan lọ, mi ò ní fi bùrókólì àlùkò sílẹ̀ láéláé. Àwọn àgbẹ̀ ibí ní orúkọ fún oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún: àlàfo ebi ni wọ́n ń pè é. Ohun tó la òtútù kọjá ti ń tán lọ, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ò tíì tó jẹ. Ẹni tó bá dàgbà lóko nílé mọ irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìgbà tí iṣu àtijọ́ ti tán tí tuntun ò tíì ta. Àárín àlàfo yẹn gan-an ni Claret ń yọ. Kò sí ẹ̀fọ́ mìíràn tó ń ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún mi.

Adùn wọn ò sì jọra. Kéèlì, pàápàá èyí tí ewé rẹ̀ ká bí irun, le lẹ́nu; ẹ gbọ́dọ̀ yọ igi àárín rẹ̀, kí ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, kí ẹ fún un, kí ẹ tó gé e sínú ata. Èyí tí wọ́n ń pè ní Nero di Toscana, aláwọ̀ dúdú, ewé gígùn, ló bá ẹ̀fọ́ rírò mu jù lójú tèmi, torí kì í yọ omi sínú ọbẹ̀. Bùrókólì àlùkò ò fẹ́ kí a bọ̀ ọ́. Mo máa ń fi ọ̀bẹ bó èèpo ìdí igi rẹ̀ bó bá sanra, màá jẹ́ kí ata dín, kí irú àti ẹja gbígbẹ ti wọ epo, màá wá da ọ̀mùnú náà sí i ní ìkẹyìn, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Ẹ máa rí nǹkan kan: àwọ̀ àlùkò yẹn máa ṣí lọ, ewé tútù ló máa kù nínú ìkòkò. Kò bàjẹ́ o. Àwọ̀ náà kì í dúró nínú ooru ni.

Òtútù tún máa ń mú kí àwọn méjèèjì dùn sí i. Bí ilẹ̀ bá ń tutù, ewéko wọ̀nyí á máa sọ oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́ di ṣúgà, torí omi tó ní ṣúgà nínú kì í tètè dì. Ìdí nìyẹn tí kéèlì oṣù kẹwàá fi ń korò díẹ̀, tí ti oṣù kìíní sì ń dùn. Ní ìparí oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2018, nígbà tí afẹ́fẹ́ tó ti ìlà-oòrùn wá da yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ yìí, mo dé plọ́ọ̀tì bá ewé bùrókólì mi tó rọ̀ dòdò mọ́ ara igi bí aṣọ tútù lórí okùn. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó dún pẹ́kẹ́, ó kán. Mo rò pé ó ti tán. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí yìnyín yọ́, gbogbo ewé ti na apá padà, ọ̀mùnú sì ti ń rú jáde ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, bí ewé bá dì, mi ò kì í fọwọ́ kàn án títí oòrùn á fi tú u sílẹ̀.

Bí àkópọ̀ àwọn oṣù náà ṣe rí nìyí, fún ẹni tó fẹ́ fi ojú kan wò ó. Ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ṣe òdiwọ̀n.

| Ẹ̀fọ́ | Oṣù tí à ń gbìn ín | Oṣù tí à ń jẹ ẹ́ | Àyè sí ara wọn |
|---|---|---|---|
| Bùrókólì àlùkò | 4–5 | 1–5, bí irú rẹ̀ bá ṣe rí | sm 60 |
| Kéèlì | 4–6 | 9–4 | sm 45 |
| Líìkì | 3–4 | 9–4 | sm 15 |
| Brussels sprouts | 3–4 | 10–3 | sm 75 |
| Aáyù | 10–11 | 6–7 | sm 15 |
| Perpetual spinach | 4–8 | fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo ọdún | sm 30 |

Líìkì àti aáyù

Líìkì ni mo máa ń gba àwọn tuntun níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀rù ẹyẹ àti kòkòrò bá ń bà wọ́n, torí ẹyẹlé kì í yà á wò. Ẹ fọ́n irúgbìn rẹ̀ sínú ìkòkò ní oṣù kẹta. Bó bá ti sanra tó pẹ́ńsùlù, ní oṣù kẹfà tàbí oṣù keje, ẹ fi igi ṣóńṣó gún ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ ju ọ̀kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ da omi kún un, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi iyẹ̀pẹ̀ dí i. Iyẹ̀pẹ̀ á máa ya wọlé fúnra rẹ̀, ibi tó bo mọ́lẹ̀ ni yóò di funfun tí à ń jẹ. Èmi ò gbà á gbọ́ nígbà tí wọ́n sọ fún mi, ó jọ bí ẹni ń sin nǹkan láìbò ó.

Musselburgh, irú ti àwọn ará Scotland, kò mọ òtútù rárá. Wàhálà tirẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ bá ti dì, kò ṣeé hú. Ìdajì á kán sọ́wọ́ yín, ìdajì á kù nínú ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti kéde lórí rédíò pé ìrì dídì ń bọ̀, ẹ tètè hú èyí tó máa tó yín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ là á sí méjì ní gígùn kí ẹ tó fọ̀ ọ́, torí iyẹ̀pẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí àárín ewé rẹ̀. Mo máa ń fi rọ́pò ìdajì àlùbọ́sà nínú ọbẹ̀. Ó dùn ju àlùbọ́sà lọ, nítorí náà ẹ fi ata rodo kan kún un.

Aáyù yàtọ̀ pátápátá. Òtútù lẹ máa fi gbìn ín, ooru lẹ máa fi hú u. Ẹ pín in sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ tì í sínú ilẹ̀ ní oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá, orí ṣóńṣó sókè. Ó nílò oṣù kan sí méjì nínú òtútù tí kò tó 10°C, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní pín sí ẹyọ, odindi róbótó kan lẹ máa bá nílẹ̀. Kò fún yín lóúnjẹ ìgbà òtútù, ṣùgbọ́n ó ń lo ilẹ̀ tí ì bá ṣófo, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju ríro lọ. Bí ẹ bá ní ibi tóóró kan tó gba oòrùn, ẹ má jẹ́ kó ṣófo.

Àwọn tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbìn

Brussels sprouts gba àyè ju bùrókólì lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀, àwọn ọmọ mi ò sì jẹ ẹ́ ju ọjọ́ Kérésìmesì lọ. Bí ilé yín bá fẹ́ràn rẹ̀, kò burú. Kábéèjì January King dára, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan, ó tán; kéèlì ń fún yín léraléra. Pásínípù (parsnip, gbòǹgbò funfun tó rí bíi kárọ́ọ̀tì), ẹ fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ kí ìrì dídì mú un, á dùn bí ọ̀dùnkún. Irúgbìn rẹ̀ ní láti jẹ́ ti ọdún yẹn gan-an, ó sì máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó hù.

Tẹ̀tẹ̀ ńkọ́?

Gbogbo ẹni tó bá wá sí plọ́ọ̀tì mi ló ń bi mí. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ìgbà ooru nìkan ni tiwọn níbí. Ìrì dídì àkọ́kọ́ ló ń sọ wọ́n di dúdú. Èyí tó jọ tẹ̀tẹ̀ jù nínú àwọn tó ń la òtútù kọjá ni perpetual spinach, tí kì í ṣe sípínáàṣì gidi rárá, ìbátan bíìtì ni. Ewé rẹ̀ rọ̀, kì í tètè gbó, ẹ sì lè já a ní oṣù kọkànlá. Nínú òtútù líle, ó máa ń rẹ̀yìn díẹ̀, á tún rú ní oṣù kẹta. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ẹ̀fọ́ ilé, òun ni mo lè tọ́ka sí.

Ohun kan wà tí mo máa ń ṣe tí àwọn aládùúgbò mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Bí mo bá lọ ọmọ bùrókólì sí ebè ní oṣù kẹfà, àyè sẹ̀ǹtímítà 60 àárín wọn máa ń ṣófo fún oṣù méjì. Mo máa ń fọ́n tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Mo ń gé e nígbà tí kò tíì ju orókún lọ, kó má bàa ṣíji bo bùrókólì, nígbà tí bùrókólì bá fi máa tẹ́ ewé, tẹ̀tẹ̀ ti wà nínú fírísà. Ebè kan, oúnjẹ méjì.

Gbígbìn bùrókólì àlùkò, àti ohun tó ń pa á

Bùrókólì àlùkò ò fẹ́ ilẹ̀ rírọ̀. Àwa tí a mọ ebè kíkọ, a máa ń fẹ́ tú ilẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Fún ẹ̀fọ́ yìí, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó le. Ẹ gbìn ín kó jìn dé ìdí ewé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ di etí ewé kan mú, ẹ fà á. Bí ewé bá ya, gbòǹgbò ti dúró. Bí gbogbo rẹ̀ bá dìde bá ọwọ́ yín, ẹ tún un tẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹ fi igi tàbí ọparun tì í, torí afẹ́fẹ́ oṣù kọkànlá máa ń mì í títí gbòǹgbò á fi tú. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i lẹ́yìn oṣù kẹjọ. Ewé tó bá rọ̀ jù lòtútù ń mú. Oṣù kejì ni kí ẹ tún fún un lóúnjẹ, kí ọ̀mùnú lè pọ̀.

Ọ̀tá rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹlé igbó ló burú jù nínú òtútù. Ọdún kẹta mi, oṣù kìíní, yìnyín bo ilẹ̀, mi ò lọ sí plọ́ọ̀tì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo dé, egungun ewé ló kù, mẹ́jọ lórí ìlà, bí agboòrùn tí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀ kúrò. Oṣù mẹ́wàá iṣẹ́. Mo jókòó sórí garawa, omi bọ́ lójú mi. Àwọ̀n ni mo kọ́kọ́ ń rà báyìí kí n tó ra irúgbìn.

Àwọ̀n sì ní irú-irú. Ti ìgbà ooru gbọ́dọ̀ ní ihò tí kò ju mìlímítà 7 lọ, kí labalábá funfun má bàa wọlé yé ẹyin sábẹ́ ewé. Ti ìgbà òtútù lè ní ihò ńlá, torí ẹyẹ nìkan ló ń dá dúró, yìnyín á sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó ní ihò kéékèèké máa ń kó yìnyín jọ títí á fi wó lu ẹ̀fọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ fi igi gbé e sókè kúrò lára ewé, torí ẹyẹlé máa ń jókòó lórí àwọ̀n kó sì máa jẹ láti inú ihò. Fleece, aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo ilẹ̀, ẹ fi í pamọ́ fún perpetual spinach. Bùrókólì àti kéèlì tí òtútù -10°C kì í pa ò nílò aṣọ. Ilé ọ̀rá náà ò wúlò fún wọn.

Àrùn gbòǹgbò wíwú, tí wọ́n ń pè ní clubroot, ló ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo ẹyẹ lọ. Mo ra ọmọ bùrókólì lọ́wọ́ òǹtajà kan ní ọjà ọjọ́ Sátidé, mo gbìn ín. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ń rọ lọ́sàn-án bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà nílẹ̀. Mo hú ọ̀kan: gbòǹgbò rẹ̀ wú kúdurukùduru bí atalẹ̀. Àrùn yìí lè wà nínú ilẹ̀ fún ogún ọdún, bàtà lásán sì lè gbé e láti plọ́ọ̀tì dé plọ́ọ̀tì. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mò ń fọ́n irúgbìn mi, mo ń fi lime, ìyẹ̀fun òkúta funfun, sí ilẹ̀ lẹ́yìn òtútù kí kíkan ilẹ̀ lè dín kù, mi ò sì gbin ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yìí sí ojú kan náà kó tó pé ọdún mẹ́rin. Ebè tó ṣàìsàn yẹn, líìkì àti aáyù nìkan ló ń gbé ibẹ̀ báyìí.

Ta ni kó mú èwo?

Bí bálíkónì nìkan lẹ ní, kéèlì nínú ìkòkò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, ọ̀kan nínú ìkòkò kan, kí ẹ sì fi aáyù sínú òmíràn. Bùrókólì àlùkò nínú ìkòkò máa ń tiro. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, ọ̀mùnú rẹ̀ tín-ín-rín bí koríko.

Bí ẹ bá ní ebè méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, kéèlì márùn-ún, bùrókólì àlùkò mẹ́rin, kí líìkì gba ìyókù. Bí plọ́ọ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ lẹ gbà, tí odindi rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 250 níbùú-lóròó, ẹ lè gbin gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì máa yí ibùdó wọn padà lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Scotland àti ìhà àríwá, ẹ fọ́n irúgbìn yín ní oṣù kẹrin, ẹ má dúró di oṣù karùn-ún, ẹ sì gbára lé Claret àti Musselburgh. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ òru ò jẹ́ kí ẹ lè lọ sí plọ́ọ̀tì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ẹ yàgò fún bùrókólì àlùkò fún ìgbà díẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó fẹ́ kí a gé e ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́rin síra. Orí àárín lẹ máa kọ́kọ́ gé, kí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ lè jáde. Bí òdòdó kan bá là tó di pupa rúsúrúsú bí ẹyin, igi náà á rò pé iṣẹ́ òun ti parí, kò sì ní yọ mọ́.

Bí ẹ bá ń ka èyí ní oṣù kọkànlá tí ẹ ò ì gbin nǹkan kan, aáyù ni kí ẹ gbìn lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ oṣù kìíní ni, ẹ ra irúgbìn Nero di Toscana àti Claret sílẹ̀, ẹ kọ “oṣù kẹrin” gàdàgbà sára àpò wọn, kí ẹ sì lọ bi aládùúgbò yín ibi tó ti ra àwọ̀n.